Inú Ló Kọ́kọ́ Mọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Sọ Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn kan ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn sílẹ̀ torí pé jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyí o, ibi tí mo ti ṣì í sọ nìkan ni mo tún ṣe.

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Alága, mo kí yín o, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Tákíé wá, ẹ̀yin ará Masífà, ẹ̀yin Òkè-Ẹlẹ́rìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun ọ̀kadà láti Sábó, gbogbo yín ni mo kí. Wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú ni tèmi. Ẹni tó bá gbé máíkì fún nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé mọ́, tó wá ní kó fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe é, olúwarẹ̀ ló mọ ohun tó ń retí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ki ìlú wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété! (Wọ́n dáhùn.) Níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan! Ẹ ṣé. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Àwọn ìlú mìíràn, òkè ni wọ́n fi ń kira wọn, odò ni wọ́n fi ń kira wọn, tiwa, oúnjẹ ló ṣíwájú. Torí náà bí mo bá dìde níbí tí mo ní ọ̀rọ̀ ìfun ni mo bá wá, ẹ má yínmú sí mi. Orí ni mo ń lọ, àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n àti èyí tó ń múni ṣarán, ṣùgbọ́n inú ni mo máa gbà débẹ̀.

Ìbéèrè kan. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ yín, kí ló ń bí yín? (Inú!) Bọ́mọ bá fowó ránṣẹ́ ńkọ́, kí ló ń dùn? (Inú!) Bí nǹkan bá rú yín lójú, tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán, kí lẹ ń ṣe? Ẹ̀ ń ronú. Ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn wò: ro inú. Wọn ò ní ká ro orí. N ò ní parọ́ fún yín pé àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí àwọn dókítà ń fi ẹ̀rọ wá lónìí o, àwọn kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ fún Yorùbá pé inú àti ọpọlọ jọ ń sọ̀rọ̀, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu tó bó ṣe ya òyìnbó lẹ́nu.

Ọwọ́ bàbá mi

Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n. Agbádá ni wọ́n mọ̀ ọ́n rán jù, kì í ṣe pé mo ń yin bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà níbí, ó ṣeé ṣe káwọn ló rán èyí tẹ́ ẹ fi gbéyàwó. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ òṣùwọ̀n oníbàárà sí. Nígbà tí wọ́n kú tán tá a ń kó ẹrù, mo jókòó ti ìwé yẹn mo ń ṣí i. Ní iwájú ìwé, lẹ́tà wọn tóbi bí ẹ̀pà, orúkọ méjì ti kún ìlà kan. Bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, lẹ́tà ń kéré, ó ń kéré, ó ń kéré, títí tó fi dà bí ìgbà tí èèrà bá tò lọ lára ògiri. Ìlà kan wá gba orúkọ mẹ́fà. Ẹni kankan nínú wa ò rí i nígbà yẹn. Èmi tí mo ń pe ara mi ní nọ́ọ̀sì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn bíi ẹgbẹ̀rún ìgbà, n ò rí i.

Ohun tá a rí ni ọwọ́. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún àti ìka tó tẹ̀ lé e á máa yí lára wọn, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà, bẹ́ẹ̀ kò sí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó wá ya àwa lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá na ọwọ́ láti mú sísọ́ọ̀sì, ó máa dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ti gbé e lé orúnkún pé kí wọ́n sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ṣé ẹ rí i, bó bá ṣe àìsàn ni, á máa gbọ̀n nígbà gbogbo, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ẹnìkan ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ojú gan, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́, èèyàn á ki wọ́n á rò pé wọ́n ń bínú sóun.

Ó kan kí wọ́n wá ẹni dì í rù. Ta ni wọ́n máa dì í rù? Ìyàwó wọn kékeré, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré. Àwọn ló ń dáná fún bàbá. Ẹbí jókòó, wọ́n ní oúnjẹ ni, wọ́n ní ó ti fi nǹkan sóúnjẹ. Ìyá Kékeré di ẹrù wọn, wọ́n gba Ìkòyí-Ilé lọ bá àwọn èèyàn wọn. Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ gbé bàbá lọ, n ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹni tó rí wọn wò wọ́n lókè wò wọ́n nísàlẹ̀, ó ní ọjọ́ ogbó ni, ó kọ fìtámìn. A mu fìtámìn fún ọdún kan gbáko.

Ìgbà tá a wá dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ kan ní Ìbàdàn, bó ṣe wo ọwọ́ yẹn báyìí, kò bi wá léèrè ọwọ́ mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń yàgbẹ́ lọ́sẹ̀?" Ẹ̀rín pa èmi. Ìyá mi ni wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Há, dókítà, ìyẹn ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún o, ọjà márùn-ún márùn-ún ni mò ń ra àsúnwọ̀n fún wọn." Dókítà ní ṣé wọ́n ń gbóòórùn? Ìyá mi ní irú jóná mọ́ ìkòkò níwájú wọn, wọn ò mọ̀. Ó ní oorun wọn ńkọ́? Ìyá mi wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Wọ́n máa ń jà lóru. Wọ́n ti fẹsẹ̀ gbá mi já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì rí, tí wọ́n bá jí, wọ́n ní àlá ni." Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àrùn Parkinson ni, àti pé ó ṣeé ṣe kó ti wà lára wọn kí ọwọ́ tó gbọ̀n rárá.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. A ń wá a kiri nílé, a ń wá a ní Ìkòyí.

Kí ló wà nínú ìfun gan-an?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú. Ìfun kékeré nìkan, bíi mítà 6 ló gùn, wọ́n ká a síbẹ̀ bí ìgbà téèyàn ká okùn sínú garawa. Lára ìfun yẹn ni iṣan wà, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ ni mò ń wí, irú èyí tó wà nínú ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ọ̀rọ̀ báyìí nínú ìfun lé ní mílíọ̀nù 100. Ìfun lè ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ láìdúró de àṣẹ láti òkè. Ọ̀nà tóun àti ọpọlọ ń gbà sọ̀rọ̀, wọ́n ń pè é ní vagus. Okùn gígùn kan ni, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ, ó gba ọrùn, ó gba àyà, ó dé ikùn. Ẹ máa rò pé orí ló ń ránṣẹ́ sí ikùn. Rárá o. Bá a bá pín fọ́nrán okùn yẹn sí 100, bíi 80 ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ikùn ló ń sọ̀rọ̀ jù, orí ló ń gbọ́. Bí ilé mìíràn ṣe rí náà nìyẹn, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àlejò. Kòkòrò tí ojú ò rí tó ń gbé inú wa, pàápàá nínú ìfun ńlá, wọ́n ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2016 pé wọ́n tó tírílíọ̀nù 38, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wa jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Èèyàn tó jókòó níwájú mi yìí, àwọn àyálégbé ẹ̀ pọ̀ ju onílé lọ. Àmọ́ kì í ṣe àyálégbé tí kì í sanwó o. Èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èèrí ọkà bàbà, gbogbo èyí tí ikùn wa ò lè dà, àwọn ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á wá ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní butyrate tí ògiri ìfun fi ń jẹun. Bí ebi bá ń pa wọ́n, ògiri ìfun á máa fẹ́lẹ́. Ohun tí kò yẹ kó jò á jò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, ìjà yẹn kì í sì í jókòó sínú ikùn nìkan.

Bí Parkinson ṣe lè gba ìsàlẹ̀ gòkè

Lọ́dún 1817, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, James Parkinson, kọ ìwé kékeré kan lórí àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n yìí. Aláìsàn mẹ́fà péré ló fi kọ ọ́, àwọn mìíràn nínú wọn, ojú títì ló ti rí wọn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn aláìsàn yìí kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Ó kọ ọ́, àwọn èèyàn kà á, wọ́n ṣí i kọjá. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún kan lọ dáadáa tí gbogbo èèyàn fi ń wo orí nìkan.

Ọdún 1912, Friedrich Lewy, ará Jámánì, rí àwọn nǹkan róbótó kan nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àwọn tí Parkinson pa. Ọdún 1997 ni wọ́n wá mọ ohun tó para pọ̀ di róbótó yẹn, èròjà kan tó ń jẹ́ alpha-synuclein. Ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Èròjà yìí, gbogbo wa la ní in, kò sí wàhálà kankan lára ẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan bá wọ́, tó ká lọ́nà òdì. Èyí tó wọ́ yẹn á wá fara kan èyí tó tọ́, ìyẹn náà á wọ́. Àgùntàn tó bá bájá rìn, á jẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa gba ara sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn, títí wọ́n á fi dé ibi tí ọpọlọ ti ń ṣe dópámínì, èyí tí ara fi ń rìn geere. Tí ibẹ̀ bá ti bà jẹ́ púpọ̀, ìgbà yẹn ni ọwọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ibo wá ni èyí àkọ́kọ́ ti wọ́? Lọ́dún 2003, Heiko Braak àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì, àwọn tó ti wo ọpọlọ òkú lọ́kan-ò-jọ̀kan, sọ pé ó jọ pé kì í ṣe àárín ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí ọpọlọ lọ́hùn-ún, níbi tí vagus ti wọlé, àti ibi tí a fi ń gbóòórùn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí i. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé imú àti ìfun ló gbà wọlé. Ẹ rántí irú tó jóná. Ẹ rántí àsúnwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tiwa ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tí tírélà tó ń lọ àti tírélà tó ń bọ̀ jọ ń lò. Bí ẹnìkan bá ní ẹrùkẹ́rù kan ń ti Ọ̀yọ́ wọ ìlú wa, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ẹ dí ọ̀nà yẹn, ká wò ó bóyá ẹrù ṣì máa dé. Ó ṣẹlẹ̀ pé láyé ijọ́un, káwọn oògùn ọgbẹ́ inú òde òní tó dé, wọ́n máa ń gé vagus fún ẹni tí ọgbẹ́ inú bá ń yọ lẹ́nu. Wọ́n ti dí ọ̀nà láìmọ̀. Àwọn ará Denmark tú ìwé ọsibítù wọn wò, wọ́n gbé èsì jáde ní 2015, àwọn ará Sweden tẹ̀ lé wọn ní 2017, tiwọn ju 9,000 èèyàn tí wọ́n ti gé e fún lọ. Àwọn tí wọ́n gé okùn náà fún pátápátá, tó sì ti pẹ́ tó ọdún márùn-ún, Parkinson tó mú wọn fi bíi 40 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Ó dín kù ni mo wí, n ò sọ pé ó tán.

Eku náà jẹ́rìí. Ní 2016, wọ́n mú eku tí wọ́n ti ṣe kí alpha-synuclein pọ̀ lára ẹ̀, wọ́n tọ́ àwọn kan níbi tí kòkòrò kankan ò ti lè wọ ìfun wọn. Ìrìn àwọn tí kò ní kòkòrò yìí ò bà jẹ́ tó ti àwọn tó ní. Wọ́n wá gba ìgbẹ́ àwọn èèyàn tó ní Parkinson, wọ́n fi sínú eku wọ̀nyẹn, ara wọn bà jẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ìgbẹ́ ẹni tí ara ẹ̀ le lọ. Màmá kan ń di imú níbẹ̀ yẹn. Màmá, ìmọ̀ ni, ẹ fara dà á.

Ẹ dúró síbí o

Mo mọ ohun tó ń lọ nínú orí àwọn kan báyìí. Ẹni tí kò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ kẹta ti ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ. Òwe yẹn dùn ún pa, àmọ́ òwe yẹn ló lé Ìyá Kékeré kúrò nílé. Pé nǹkan kan ṣíwájú òmíràn ò sọ pé òun ló bí i.

Ẹ gbọ́ iye rẹ̀. Ní Honolulu, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé ọkùnrin 6,790 fún ọdún 24, wọ́n bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí wọ́n ń yàgbẹ́ lójúmọ́. Àwọn tí kì í yà á tó ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, Parkinson mú wọn ní ìlọ́po 2.7 ju àwọn tó ń yà á lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bani lẹ́rù, àbí? Àmọ́ gbogbo àwọn tó mú pátápátá, 96 ni. 96 nínú 6,790! Àìrígbẹ́yà wọ́pọ̀ bí iyanrìn, Parkinson ò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi tá ò mu, ìjókòó tá à ń jókòó, oògùn ìrora, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, gbogbo ẹ̀ ló lè fà á. Kò sì í ṣe gbogbo Parkinson ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, àwọn olùwádìí ní Aarhus, Denmark, ní ti àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ láti orí wá sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú bá le, tí imú ò gbóòórùn mọ́, tí èèyàn tún ń ja ìjà lójú oorun, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lára ẹnìkan, ẹ má dúró de ọwọ́. Ẹ lọ rí dókítà.

Àwọn tó ń ṣarán ńkọ́?

Èyí tí Yorùbá ń pè ní ṣíṣarán, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni Alzheimer. Alois Alzheimer, ará Jámánì náà ni, ní 1906 ló sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tó tọ́jú ní Frankfurt, Auguste D., tí kò lè rántí orúkọ ọkọ ara ẹ̀ dáadáa. Lórí eku, wọ́n ti rí i pé tí kò bá sí kòkòrò nínú ìfun, ìdọ̀tí amyloid tó ń tò sínú ọpọlọ wọn máa ń kéré. Lára èèyàn, àwọn ìwádìí kan rí i pé kòkòrò inú ìfun àwọn tó ní Alzheimer kì í ní oríṣiríṣi tó ti ojúgbà wọn. Níbi tọ́rọ̀ dé nìyẹn, kò tíì jìnnà bíi ti Parkinson, n ò sì ní nà án jù bó ṣe gùn lọ.

Àmọ́ ó ní ìwádìí kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, ilé wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn àtàwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ àdúgbò Ìdíkàn n'Íbàdàn lọ, ojúlé sí ojúlé, wọ́n tún wá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Indianapolis, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001: nínú 1,000 àgbà ní Indianapolis, bíi 25 ni Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún. N'Íbàdàn, kò pé 12. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, baba ńlá kan náà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó dín ju ìlàjì lọ! Àwọn olùwádìí tọ́ka sí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, oúnjẹ. Èmi ò ní sọ pé ìfun ló ṣe é. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé àwọn àgbà Ìdíkàn nígbà yẹn, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Èwo nínú ẹ̀ làwa ṣì ń ṣe? Indomie la fi ń ji ọmọ báyìí, fáńtà lẹ̀ ń fún ọmọ ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti láfún kún un, torí ìlú láfún nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun kan náà, láyé ọdún 1960, ṣàyẹ̀wò àwọn kan lágbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, ojú ń ṣú, etí ń di. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn láàárọ̀ lálẹ́, ó sì so ó mọ́ sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ tó, tí wọn ò sì rí ẹran tàbí ẹja jẹ mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkòrò inú ìfun o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun náà ló gbà dé ara iṣan. Àwọn ìyá wa tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ títí tó fi máa rọ̀ tó sì kan, tí wọ́n sá a títí tó fi gbẹ, iṣẹ́ wọn kì í ṣe eré. Ẹni tó ń yára torí àtità, ẹ sọ fún un.

Oògùn, mọ́ínmọ́ín àti yèrèpè

Èyí ni mo bá wá jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi. Oògùn tí wọ́n fún bàbá mi ń jẹ́ levodopa, òun ni ọpọlọ máa fi ṣe dópámínì. Oṣù àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án kò ṣiṣẹ́. A ní oògùn ayédèrú ni, mo lọ bá ọmọ kẹ́míìsì jà. Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún ṣe irú ẹ̀. Ọjọ́ kan mo wá jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin wà níwájú wọn, ẹja panla wà lórí ẹ̀, oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Wọ́n jẹ ìlàjì, wọ́n gbé oògùn mì, wọ́n tún ń bá mọ́ínmọ́ín lọ. Láàárọ̀, ògì lásán ni wọ́n ń mu sí i.

Ṣẹ́ ẹ rí i, inú ìfun kékeré ni levodopa ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà kan náà tí èròjà inú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin ń gbà ló ń gbà. Tírélà méjì, ọ̀nà kan. Mọ́ínmọ́ín pọ̀ jù ú lọ, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tá a béèrè, dókítà ní ká máa fún wọn ní oògùn pẹ̀lú omi, kó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan ká tó gbé oúnjẹ wá, ká má sì pa á pọ̀ mọ́ oògùn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara, èyí tó ní áyọ́ọ̀nù, torí ìyẹn náà ń dì í mú. Ìyàtọ̀ dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fi ti bàbá mi ṣòfin fún ara yín o, ẹ bi dókítà tiyín, àmọ́ ẹ bi í.

Àwọn àyálégbé náà tún wà níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n rí i pé kòkòrò kan, Enterococcus faecalis, máa ń jẹ levodopa nínú ìfun kó tó dé ibi tó ń lọ. Èèyàn gbé oògùn mì, kòkòrò ló mu ún. Ìdí kan nìyẹn tí ìwọ̀n oògùn tó tó ẹnìkan kì í fi í tó ẹlòmíì.

Lẹ́yìn tí mo sọ èyí ni wọ́n dìde pé ìbéèrè wà. Bàbá kan ní àwọn gbọ́ pé yèrèpè ń wo Parkinson. Bàbá, ẹ ò parọ́. Levodopa wà nínú ẹ̀ ní tòótọ́, nínú kóró ẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣèwádìí lórí ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo oògùn dókítà tó tún ń lọ yèrèpè mu, ó ti mu ún ní ìlọ́po tí kò mọ̀. Inú á rú, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ gbì, á máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Ìgbà yẹn lẹ máa wá sọ pé àjẹ́ ni lóòótọ́.

Ẹlòmíì ní ṣé ká wá lọ máa gba ìgbẹ́ ẹni tí ara ẹ̀ le ni? Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Èsì méjì jáde ní 2024: ti Ghent ní Belgium ní ìrìn àwọn aláìsàn dára díẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún kan, ti Finland ní kò sí ìyàtọ̀. Torí náà kò tíì di ohun tí ẹnikẹ́ni máa tà fún yín. Tí ẹnìkan bá gbé e dé ìlú yìí pé ó ń tà á, ẹ pe ọlọ́pàá.

Màmá tó ń di imú lẹ́ẹ̀kan ní kí ni káwọn wá jẹ. Màmá, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ náà ni: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà tẹ́ ẹ ò bó, ìbẹ́pẹ, mángòrò wa yìí tó ń jẹrà sílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi. Kẹ́ ẹ máa rìn. Kẹ́ ẹ má fi àgbo jẹ̀dí àti àsúnwọ̀n sọ ìfun di ọ̀lẹ. Ìwọ̀nyí ò wo Parkinson o, wọ́n á kàn jẹ́ kí inú yín dẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó èrè.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ò béèrè ìfun rárá. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Kékeré ńkọ́?"

Mo lọ bá wọn ní Ìkòyí-Ilé fúnra mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí dókítà sọ, vagus, Parkinson, gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ṣé ìfun ẹ̀ náà lèmi dí?" N ò rí èsì. Wọ́n padà wá ṣá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ń wẹ̀ fún bàbá, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, àwọn ló ń di ọwọ́ yẹn mú lálẹ́ kí bàbá lè sùn. Oúnjẹ nìkan ni wọn ò sè fún wọn mọ́. Ọdún mẹ́rin ni bàbá tún lò láyé, Ìyá Kékeré ò tún fọwọ́ kan ìkòkò bàbá rárá títí bàbá fi kú.